Àga Ọ́fíìsì Tó Gba Ìka Ẹsẹ̀ Mi Méjì

Ìka ẹsẹ̀ òsì mi méjì ni mo pàdánù, èyí tó kéré jù àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ kò tẹ̀ wọ́n, ẹ̀rọ kò lọ̀ wọ́n, n kò sì lọ sójú ogun. Orí àga tìmùtìmù ni mo jókòó sí, nínú ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ yẹ́ẹ́, láàárín ìlú Accra, tí àìsàn fi jẹ wọ́n. Mo ń kọ èyí fún ẹni tó jókòó báyìí bí mo ṣe jókòó nígbà náà, tí àwọn ènìyàn sì ń kí i kú oríire pé ara rẹ̀ ń dán.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan kò rí bó ṣe yẹ kó rí. Mọ́sáláṣí àdúgbò wa ní Lapaz ní àgbàlá kan tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́. Ẹsẹ̀ lásán la fi ń gba ibẹ̀ kọjá láti ibi àlùwàlá wọ inú ilé ìrun. Bí oòrùn bá kan àtàrí, sìmẹ́ńtì náà a gbóná bí agbada àkàrà. Lọ́jọ́ náà, tọmọdé tàgbà ló ń fò bí tata, àwọn mìíràn ń ké “yéè.” Èmi nìkan ni mo ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́. Múfútàù, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, tó ń ta èròjà ọkọ̀ ní Abossey Okai, ti sá dé abẹ́ òjìji, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ wo Alhaji! Ẹ wo bí ẹni ńlá ṣe ń rìn! Sìmẹ́ńtì pàápàá ń bọ̀wọ̀ fún un!”

“Ẹsẹ̀ tìrẹ ni kò tíì gbó,” ni mo fi dá a lóhùn, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí mo foríkanlẹ̀ ni ẹ̀rù bà mí. Ẹni tó ń kírun mọ̀ pé ìka ẹsẹ̀ a máa tẹ̀ sílẹ̀, a sì máa gbé ìwúwo ara. N kò mọ̀ bóyá ìka ẹsẹ̀ òsì mi kan ẹní tàbí kò kàn án. Mo wò ó láti abẹ́ apá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yẹ kí olùkírun máa wo ẹ̀yìn. Ó wà níbẹ̀, ó tẹ̀ bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ó dà bí ìka ẹlòmíràn tí wọ́n gbé sẹ́yìn mi. Nígbà tí mo délé, Sàlámátù ìyàwó mi rí omi tó ń kán láti ẹsẹ̀ mi sórí táìlì.

“Kí lẹ tẹ̀?” ló bi mí. Ó gbé ẹsẹ̀ náà sókè, ó sì yẹ̀ ẹ́ wò. “Bàbá Àlímà, àtẹ́lẹsẹ̀ yín ti bó. Ẹ ò sì mọ̀?”

N kò mọ̀.

Dókítà tí iléeṣẹ́ wa ń sanwó fún ni mo kọ́kọ́ lọ bá. Lọ́dọọdún ni ọkùnrin yìí ń so aṣọ ìdíwọ̀n ìfúnpá mọ́ wa lápá, tí yóò rẹ́rìn-ín, tí yóò sì wí pé, “Alhaji, ara yín le bí òkúta.” Kò gún mi níka rí láti yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi wò. Lọ́jọ́ náà, ó fún mi ní ìkunra, ó sì ní kí n máa rọra. Ènìyàn kan jóná lẹ́sẹ̀ láìmọ̀, ẹni tó pe ara rẹ̀ ní dókítà kò sì bi í léèrè ìdí tí kò fi mọ̀! Mo ti rí ìyá tó ń din àkàrà tó fara balẹ̀ wo epo rẹ̀ jù bí ọkùnrin yìí ṣe wo ẹsẹ̀ mi lọ.

Kí ìkunra náà tó tán, ìka méjì ti dúdú, wọ́n sì ti ń rùn. Sàlámátù kò bi mí mọ́. Ó pe takisí, ó sì gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì láti òwúrọ̀. Ìtìjú tó wà nínú kí ara ènìyàn máa rùn láàárín àwùjọ kò ṣeé sọ tán. Obìnrin tó jókòó tì mí rọra fi ìdí aṣọ rẹ̀ bo imú. Kò wí nǹkan kan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí dòní.

Obìnrin ni dókítà tó rí mi. Lẹ́yìn tó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó bi mí pé, “Ó ti tó ìgbà wo tí ẹ ti ní àtọ̀gbẹ?”

“N kò ní àtọ̀gbẹ.”

“Ẹ ní in. Ó sì ti pẹ́.” Ó fi ìyẹ́ adìẹ kan fa àtẹ́lẹsẹ̀ mi, n kò sì mọ ohunkóhun. “Ìka méjì yìí ti kú, a ó gé wọn. Ìyókù ẹsẹ̀ yìí wà lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá padà síbi tí ẹ ti ń bọ̀, ẹ ó tún padà wá bá mi, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ìsàlẹ̀ orúnkún la ó gé.”

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ó ti ṣàlàyé fún mi. Oúnjẹ tí a jẹ a máa di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Omi ara kan tí wọ́n ń pè ní ínsúlíìnì, tí ẹ̀yà ara kan lẹ́yìn ikùn ń pèsè, ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún ṣúgà náà láti wọ inú ẹran ara, níbi tí yóò ti di agbára. Ẹran ara tó ń ṣiṣẹ́, pàápàá ti itan àti ojúgun, a máa fa ṣúgà yìí bí ẹni òǹgbẹ. Èyí tí kò ṣiṣẹ́ kò fà á. Bí ọ̀rá bá sì pọ̀ jù nínú ikùn, ilẹ̀kùn náà a le, ínsúlíìnì a kàn án títí, kò ní ṣí. Ṣúgà a wá kún inú ẹ̀jẹ̀, a máa ba àwọn iṣan tín-ínrín tó ń gbé ìròyìn láti ẹsẹ̀ lọ sí ọpọlọ jẹ́. Ẹsẹ̀ ló jìnnà jù, ẹsẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ yadi. Ìrora jẹ́ oníròyìn. Nígbà tí tèmi kú, kò sẹ́ni tó kéde ikú rẹ̀.

Ibo ni mo ti ń bọ̀? Iléeṣẹ́ adójútòfò ni. N kò ní dárúkọ rẹ̀ nítorí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn olórí rẹ̀ yóò mọ ara wọn. Iṣẹ́ mi ni láti yẹ ìròyìn àwọn tó farapa wò. Lójú kọ̀ǹpútà wa, iná kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ọwọ́ rẹ bá wà lórí ẹ̀rọ, iná náà a jẹ́ àwọ̀ ewé. Bí o bá dìde fún ìgbà díẹ̀, a di ìyeyè. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọ̀gá àgbà a máa ka orúkọ àwọn tí iná wọn di ìyeyè jù lọ, lójú gbogbo ènìyàn, bí olùkọ́ tó ń ka orúkọ àwọn apẹ́lẹ́yìn. Àwa tí irun ti ń funfun lórí wa a sì máa tẹrí ba bí ọmọ iléèwé. Ìwà ẹrú tí a fi táì dè lọ́rùn ni.

Mo dín omi mímu kù kí n má baà lọ sílé ìtọ̀. Orí tábìlì ni mo ti ń jẹ wààké, ìrẹsì tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹ̀wà, tí mo sì ń fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò sìn ín. Ìrun Àìlà àti Alásárì, tí ìbá máa gbé mi dìde, tí ìbá máa tẹ̀ mí síwájú tẹ̀ mí sílẹ̀, mo ń kó wọn dìgbà tí mo bá délé. Bí ikùn mi ti ń yọ síwájú, bẹ́ẹ̀ ni ìyìn ń pọ̀ sí i. Àwọn ìyá tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi ní ọjà Makola a máa pè mí ní “ọmọ tó róúnjẹ jẹ.” Wọ́n ń yin ìsìnkú mi lójú mi.

Wọ́n gé ìka méjèèjì. N kò ní purọ́ pé kò dùn mí. Ó yani lẹ́nu pé ìka tí kò mọ iná nígbà tó wà láàyè wá ń dunni lẹ́yìn tó ti lọ. Dókítà ní ọpọlọ ló ń wá a kiri. Sàlámátù ló ń wẹ ọgbẹ́ náà títí ojú rẹ̀ fi di. Lẹ́yìn náà ni dókítà ní kí n máa rìn díẹ̀díẹ̀, nínú bàtà tó bo gbogbo ẹsẹ̀, kí n sì máa fi dígí wo àtẹ́lẹsẹ̀ mi lójoojúmọ́. Ó dín kẹ́ńkè, oúnjẹ tí wọ́n ń fi àgbàdo ṣe, àti fùfú mi kù, ó sì fòfin de ọtí ẹlẹ́rìndòdò pátápátá.

Accra kò kọ́ ọ̀nà fún ẹlẹ́sẹ̀. Gọ́tà tí kò ní ìdérí wà lápá kan, ọlọ́kadà wà lápá kejì, tábìlì àwọn oníṣòwò sì wà láàárín. Bí ọkùnrin tó wọ aṣọ tó dáa bá ń rìn, gbogbo onítakisí a máa fọn fèrè sí i bí ẹni tó sọnù. Múfútàù rí mi lọ́jọ́ kan, ó dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró sí àárín títì.

“Alhaji! Kí ló ṣe ọkọ̀ rẹ?”

“Kò ṣe nǹkan kan. Mò ń rìn ni.”

“Ò ń rìn lọ sí ibo?”

“N kò lọ síbì kankan.”

Ó wò mí bí ẹni tí ilé rẹ̀ wó. Lọ́jọ́ kejì, mo jí bá mẹ́káníìkì lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ti ṣí iwájú ọkọ̀ mi, ó ti tú bátìrì. “Bọ̀ọ̀dá Múfútàù ló rán mi,” ló wí. “Wọ́n ní ojú ń tì yín láti sọ̀rọ̀.” Ọkọ̀ tí kò ṣàìsàn ni wọ́n wá tọ́jú. Èmi tí mo ṣàìsàn, wọ́n ti fi ẹ̀rín kọjá mi lórí sìmẹ́ńtì.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọn, ìyá mi ránṣẹ́ pè mí sí Makola. Ó gbá mi lápá mú láàárín àwọn aṣọ rẹ̀.

“Àjàní, ta ló ń jẹ ẹran ara rẹ?”

“Ṣúgà ni, Màámi. A ti ń lé e lọ.”

“Irọ́ ni. Ìyàwó rẹ kò fún ọ lóúnjẹ mọ́.”

Ní ọjọ́ Ìsinmi, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá bẹ̀ mí wò. Wọ́n gbé mílíìkì inú agolo, mọ́ọ̀tì àti páálí ṣúgà oníhóró wá. Sàlámátù rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ìfẹ́ tí kò bèèrè ọ̀rọ̀ lè pani bí ọ̀tá.

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo ń gun àtẹ̀gùn, mo ń dìde ní wákàtí wákàtí, mo ń kírun ní àsìkò rẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́, orúkọ mi ló ṣáájú.

“Alhaji,” ni ọ̀gá àgbà wí, ó ń jẹ míìtì-páì lọ́wọ́, “iná yín di ìyeyè lọ́sẹ̀ tó kọjá bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Ṣé ẹ ti fẹ̀yìn tì ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo bọ́ bàtà, mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀, mo sì gbé ẹsẹ̀ náà lé orí àga tó wà níwájú rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́,” ni ọ̀gá àgbà wí, “a ń jẹun.”

Ohun tí iléeṣẹ́ náà ṣe lẹ́yìn náà ni pé wọ́n kéde Ọjọ́ Ìlera. Wọ́n fún wa ní ẹ̀wù funfun tí orúkọ iléeṣẹ́ wà láyà rẹ̀, wọ́n na àtíbàbà, wọ́n sì fi wá jókòó láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán kí a lè gbọ́ àsọyé lórí ewu ìjókòó. Dókítà tó fún mi ní ìkunra ló sọ ọ́. Nígbà tí ó parí, wọ́n pín mọ́ọ̀tì. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá àgbà tún ka orúkọ.

Àlhámúdù lílàáhì, ọgbẹ́ mi ti jinná, mo ti fọn, ṣúgà mi sì ń gbọ́ràn. Ìmọ̀lára tó ti lọ kò padà tán, dókítà kò sì ṣèlérí rẹ̀ fún mi. Mo ti wá mọ̀ pé ara kì í bínú kíákíá. Ó gba ìjókòó mi, ó gba àjẹjù mi, ó ń fi ohun tó kù gbé mi títí kò fi lè gbé mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún mi tó gbé ẹrù méjì láìráhùn, lọ́wọ́ Sàlámátù, lọ́wọ́ dókítà tó bèèrè ìbéèrè tó yẹ. Ìwọ tí ò ń ka èyí, sọ fún wọn kí wọ́n gún ọ níka, kí wọ́n yẹ ṣúgà rẹ wò. Má dúró de ìrora; ó lè ti kú.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Akosua, tó jókòó ní ìlà tèmi nínú ọ́fíìsì, tó sì gbà kí n sọ ọ́, rọra sọ fún mi pé ó ń ṣe òun bí ẹni ń tẹ òwú bí òun bá ń rìn. Mo ní kó dìde kó lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀. “Alhaji, mepa wo kyɛw,” ló wí, ó ń bẹ̀ mí, “orúkọ mi ti jáde lẹ́ẹ̀mejì.”

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kan ni mo ní fún yín, ẹ̀yin tí ẹ so iná náà mọ́ orúkọ wa, ìwọ ọ̀gá tí o ń kà á, àti ìwọ dókítà tí o ń gbowó láti rẹ́rìn-ín. Ta ni nínú yín ló pinnu pé àga ṣe pàtàkì ju ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó lé e lọ? Ìgbà wo ni ẹ ó yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ yín wò? Ìgbà wo ni ẹ ó pa iná náà? N kò fẹ́ ìpàdé bòókẹ́lẹ́, n kò sì fẹ́ àtíbàbà. Ẹ dìde níwájú àwọn òṣìṣẹ́ yín, kí ẹ dárúkọ ara yín, kí ẹ sì dáhùn, nígbà tí ẹsẹ̀ Akosua ṣì pé.