Òkúta Kan láti Bọ́mà

Ṣá, ṣá, ṣá. Màmá mi tẹ̀ ba, ó ń fi ìgbálẹ̀ tó gbé wá láti Ìbàdàn gbá ibojì ọkọ aládùúgbò wa. Òórùn koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé gba gbogbo itẹ́ òkú àwọn Júù náà kan. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, èmi ni mo di ike omi ọṣẹ mú. Nọ́ọ̀sì ni màmá mi, òun àti ìdọ̀tí kì í jọ gbé. Gbogbo òkúta wẹ́wẹ́ tó wà lórí ibojì náà ló gbá dànù sójú ọ̀nà, níbi tí irú wọn ti pọ̀ bí iyanrìn.

Ìyá àgbà tó ni òkú ti lọ bu omi lẹ́nu ẹ̀rọ. Ilé rẹ̀ àti tiwa jọ fara kanra ní Riverdale, ní ìpínlẹ̀ Georgia, ní Amẹ́ríkà. Grandma là ń pè é. Òórùn ìrẹsì alágbọn àti àlùbọ́sà dídín rẹ̀ máa ń bá wa nínú pálọ̀ wa. Júù ni, ṣùgbọ́n Rangoon ni wọ́n bí i sí, ní ilẹ̀ Bọ́mà tí bàbá màmá mi ti lọ jagun fún ọba Òyìnbó. Nígbà tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa gbọ́ pé Júù gidi ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọ́n rọ́ dé. Díákónì kan, tó fẹ́ kí a máa pe òun ní "Dókítà" kódà láàárín àwọn akọrin, tẹrí ba níwájú rẹ̀.

"Ẹ súre fún mi, mà, ọmọ Ábúráhámù."

"Ìrẹsì nìkan ni mo ní," ni ó dá a lóhùn. "Ṣé o ti jẹun?"

Èmi ni mo máa ń bá a ṣa ẹ̀wà ní ìrọ̀lẹ́, tí yóò sì máa ka àwọn òkú tó wà ní itẹ́ òkú àwọn Júù ní Rangoon fún mi lẹ́sẹẹsẹ: oníṣòwò tíì lẹ́bàá ògiri, olùkọ́ lábẹ́ igi máńgòrò, màmá tirẹ̀ lẹ́yìn wọn. Gbogbo Júù tó wà láàyè níbẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò tán. "Àwọn òkú nìkan," ó ní, "ni kò rí físà gbà."

Lọ́jọ́ ibojì yẹn, nígbà tí Grandma ti ìdí ẹ̀rọ omi dé, ó wo ibojì tó ń dán.

"Àwọn òkúta yẹn dà?"

"Mo ti bá yín gbá wọn kúrò, mà," ni màmá mi wí, inú rẹ̀ ń dùn. "Ẹ ò rí i bí àwọn ọmọ aláìlẹ́kọ̀ọ́ ṣe da òkúta sí i lórí."

"Àwa la kó wọn síbẹ̀. Bí àwa Júù ṣe ń jẹ́ kí òkú mọ̀ pé a wá nìyẹn." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ọ̀kan nínú wọn, ẹ̀gbẹ́ ibojì màmá mi ni mo ti ṣà á lọ́jọ́ tí a fi Rangoon sílẹ̀. Òun nìkan ni mo ní."

A wá a títí oòrùn fi kan àtàrí.

"Ṣé èyí ni, mà?"

"Rárá."

"Èyí ńkọ́?"

"Ìyẹn, ọmọ Georgia ni."

Níkẹyìn, màmá mi gbé eékún méjèèjì lélẹ̀. Ìyá àgbà rò pé ó ṣì ń wá a ni.

"Dìde, ọmọ mi. Ó tó."

Màmá mi ò dìde. Èmi ni mo sọ pé, "Grandma, kì í ṣe òkúta ló ń wá mọ́. Ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀ yín."

Ìyá àgbà rọra bẹ̀rẹ̀, ó ṣa òkúta kan lójú ọ̀nà, ó fi í sí i lọ́wọ́. Màmá mi, tí kì í fẹ́ gbọ́ ohunkóhun tó bá jọ ètùtù sétí, fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lé ibojì náà.

Lónìí, mo máa ń jókòó ní àpérò yunifásítì ní àárín ìlú, níbi tí àwọn onígò ojú olówó ńlá ti ń sọ bí a ṣe lè dáàbò bo ogún àwọn baba ńlá. Ọ̀tá ni wọ́n máa ń dárúkọ pé ó ń bà á jẹ́. Wọn kì í dárúkọ ẹni rere tó mú ọṣẹ dání. Èmi mọ̀ ọ́n, èmi ni mo bá a gbé omi. Nítorí náà, bí mo bá dé ilé onílé, mo máa ń bèèrè kí n tó tún nǹkan ṣe.

Ìyá àgbà ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ báyìí. Mo máa ń lọ kí wọn. Òkúta màmá rẹ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà yẹn níbì kan, n kò sì mọ èyí tí í ṣe òun, nítorí náà jẹ́jẹ́ ni mo ń tẹ gbogbo wọn.