Rọ́ọ̀gì Pupa Tí A Kò Gbọdọ̀ Gbé Síta

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìwé tí mo kọ yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwé kẹrin ni mo kà dé, kò sì mọ́ mi lára láti máa kọ nǹkan tó gùn. Bí mo ṣe rántí rẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́.

Kékeré ni mo wà nígbà tí wọ́n mú mi láti ìlú wa nítòsí Ọ̀yọ́ wá sí Ṣógúnlé, kí n máa gbé lọ́dọ̀ Àǹtí, àbúrò bàbá mi, kí n sì máa bá wọn tọ́jú ọmọ wọn ọkùnrin. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ni. Àǹtí a lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ọkọ wọn a lọ sí ilé iṣẹ́ ní Ìsọlọ̀, a ó wá ku èmi àti ọmọ náà. Tí kì í bá ṣe tirẹ̀, mo lè wà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí n má gbọ́ ohùn ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀.

Sìmẹ́ńtì ni ilẹ̀ pálọ̀ nígbà náà. Mo máa ń wọ́n omi sí i kí n tó gbá a, bí ìyá mi ṣe kọ́ mi, kí eruku má baà sọ. Lẹ́yìn náà ni màá fi àkísà tútù nù ún. Ọmọ náà a máa tẹ̀lé mi, a máa fi ẹsẹ̀ tẹ ibi tó tutù, a sì máa rẹ́rìn-ín.

Ọdún tí wọ́n fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ni ọkọ Àǹtí ra rọ́ọ̀gì. Pupa ni, ó nípọn, ó kárí pálọ̀ láti ògiri dé ògiri. Àwọn ará ilé bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wá wò ó. Láti ọjọ́ náà, omi kò gbọdọ̀ kán sílẹ̀. A kì í ṣí fèrèsé mọ́, nítorí eruku tí àwọn lọ́rì ń tú sókè lójú ọ̀nà. Orí rọ́ọ̀gì náà lèmi àti ọmọ ń sùn lọ́sàn-án. Ìgbálẹ̀ gbígbẹ ni mo fi ń gbá a. Tí oòrùn bá yọ sí wa láti ẹnu ilẹ̀kùn, màá rí eruku tó ń fò káàkiri orí wa, tí kò ní ibi tí yóò gbà jáde.

Ìgbà náà ni ọmọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Ojú ń yún un, ó ń pọ́n. Nígbà tó yá, àyà rẹ̀ ń súfèé.

"Gbá a dáadáa," ni Àǹtí máa ń wí. "O ò gbá a kanlẹ̀ ni." Màá tún gbá a, ọmọ á tún húkọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èémí rẹ̀ fẹ́ má lọ mọ́. Mo gbé e sáré lọ bá Àǹtí ní ṣọ́ọ̀bù, a sì jọ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n fún un lóògùn tí ara rẹ̀ sì rọlẹ̀, nọ́ọ̀sì bi wá bí inú ilé wa ṣe rí. Àǹtí ṣàlàyé.

"Ẹ ti ọmọ yìí mọ́ inú eruku nìyẹn," ni nọ́ọ̀sì wí. "Inú rọ́ọ̀gì ni eruku ń sùn sí, ìgbálẹ̀ ló ń jí i. Ẹ máa gbé e síta, kí ẹ lù ú, kí ẹ sá a sóòrùn. Ẹ fi àkísà tútù nu ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì ṣí fèrèsé."

Nírọ̀lẹ́, mo jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń gbọ́ Àǹtí àti ọkọ wọn.

"Kí n gbé rọ́ọ̀gì mi síta?" ni ọkọ Àǹtí wí. " Kí gbogbo Ṣógúnlé lè máa sọ pé onílé ti da ẹrù mi síta?"

"Nọ́ọ̀sì ló sọ bẹ́ẹ̀ o."

"Ṣé nọ́ọ̀sì ló bá mi rà á ni? Kí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ yẹn tó dé, ta ló ń húkọ́ níbí? Ikọ́ ìlú wọn ló gbé wá. Jẹ́ kó máa lọ sílé ní Sátidé."

Èmi ń rò ó pé, ta ni yóò máa wà pẹ̀lú ọmọ náà nínú ilé tí wọ́n tì pa yìí?

Wọ́n dá mi padà ní Sátidé náà lóòótọ́. N kò fojú kan ọmọ náà mọ́. Yóò ti máa lọ sílé ìwé báyìí, bóyá kò tilẹ̀ rántí mi. Èmi náà ti dàgbà, mo ti padà sí Èkó, mo gba yàrá kan ní Mafoluku. Ayé ti yí padà. Nígbà náà, rọ́ọ̀gì ẹyọ kan làwọn èèyàn ń wá wò. Nísinsìnyí, yàrá tí kò ní in ló ṣọ̀wọ́n, fèrèsé wọn sì wà ní títì. Tí mo bá gbọ́ tí ọmọ kan ń sín lẹ́yìn ògiri, màá dáwọ́ iṣẹ́ dúró, màá tẹ́tí. Sìmẹ́ńtì ni ilẹ̀ tèmi. Mo ṣì ń wọ́n omi kí n tó gbá a, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń tẹ ibi tó tutù.

Ó ku ohun tí mo ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo gbọ́ pé màá lọ. Àǹtí àti ọkọ wọn ti jáde. Mo ti àwọn àga sápá kan, mo ká rọ́ọ̀gì náà, mo ń wọ́ ọ lọ sẹ́yìnkùlé. Ìyá Ìbejì tí yàrá wọn kọjú sí tiwa rí mi.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé onílé ti lé yín ni?"

"Rárá, mà. A fẹ́ sá a ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bá mi gbé e sórí ògiri ọgbà. Mo fi igi lù ú títí apá fi ń ro mí. Mo ṣí fèrèsé. Mo wọ́n omi sílẹ̀, mo gbá a, mo fi àkísà tútù nù ún. Ọmọ náà ń tẹ ibi tó tutù lẹ́yìn mi. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, mo tẹ́ ẹní fún un, ó sùn. Mo gbé etí lé e láyà. Ó ṣì ń súfèé, ṣùgbọ́n ó ti rẹlẹ̀. N kò gbé etí mi kúrò níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi gbẹ.