Ìwà Ọ̀gbẹ́ni Ẹ̀fúùfù

Akínwùmí kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́. Ní ilé ìwòsàn tí ó ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn, bí àmì ìdánudúró kan bá ṣáko lọ, yóò wá a rí kí ó tó jẹun ọ̀sán. Nítorí náà, nígbà tí Stephanie, ọmọ rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, bẹ̀ ẹ́ ní ọdún 2006 pé kí ó bá òun kópa nínú ìdíje àríyànjiyàn ní ilé ìkàwé kan nítòsí New Carrollton ní Amẹ́ríkà, kò fi ṣeré. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì sí àjọ̀dún kọ́míìkì ní Baltimore ni ẹ̀bùn rẹ̀, láti èṣí ni ọmọ náà sì ti ń fi àjọ̀dún yìí lálàá. Òbí kan àti ọmọ kan ni yóò jọ sọ̀rọ̀. Ìyá Stephanie, nọ́ọ̀sì, wà lẹ́nu iṣẹ́.

Àkòrí náà béèrè bóyá “character” kọ́míìkì dára nínú tẹlifíṣọ̀n ju ti sinimá lọ. Lójú ọmọ Amẹ́ríkà, ẹ̀dá inú ìtàn ni ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n Akínwùmí, tí tíṣà rẹ̀ ní Ìwó máa ń kọ “Character: Good” sí ìsàlẹ̀ káàdì rẹ̀ ní táàmù-táàmù, ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni ó mọ̀: ìwà. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó wo eré Ọ̀gbẹ́ni Ẹ̀fúùfù, akọni asáré-bí-ìjì, lórí tẹlifíṣọ̀n, apá méjìlélógún. Ó wo sinimá rẹ̀ pẹ̀lú. Ó fi rúlà fa ìlà, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ọjọ́ pé, ó dìde, ó húkọ́.

“Nínú tẹlifíṣọ̀n, ìgbà mọ́kàndínlógún ni Ọ̀gbẹ́ni Ẹ̀fúùfù kí ìyá rẹ̀ àgbà kí ó tó jáde nílé. Nínú sinimá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, búrẹ́dì sì wà lẹ́nu rẹ̀.”

Ẹ̀rín sọ. Stephanie fọwọ́ bojú. Délé, awakọ̀ takisí láti Bowie tí òun àti Joel ọmọ rẹ̀ ń gbè sẹ́yìn sinimá, fò dìde, ó sì bọ́ sórí Yorùbá.

“Bọ̀dá Akin, ẹ dákun, ìlú ń jóná, ẹ ní kí ó dúró dọ̀bálẹ̀?”

“Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń sáré, Délé. Ẹnu rẹ̀ ò sáré.”

“Ẹ ó kúkú ní kí ó kí olè!”

“Bí olè náà bá jù ú lọ ńkọ́?”

Anna, olùtọ́jú ilé ìkàwé tí ó ń ṣe adájọ́, kan tábìlì. Ó fi sùúrù ṣàlàyé fún Akínwùmí pé ẹ̀dá inú ìtàn ni àwọn ń sọ, kì í ṣe ìwà ọmọlúàbí. Etí Akínwùmí gbóná. Ó ti ba tíkẹ́ẹ̀tì ọmọ rẹ̀ jẹ́! Ó rọra jókòó.

Ó ku ìṣẹ́jú méjì fún Stephanie. Ọmọ náà gba ìwé onílà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó títí, ó sì dìde.

“Ohun tí dádì mi ń sọ rèé. Wákàtí méjì ni sinimá ní, ìjà ni wọ́n fi kún un. Tẹlifíṣọ̀n ní ọ̀sẹ̀ méjìlélógún. Ní apá kẹsàn-án, Ẹ̀fúùfù dé ẹnu ọ̀nà, ó rántí pé òun kò tíì kí ìyá àgbà, ó padà. Ibẹ̀ la ti mọ irú ẹni tí ó jẹ́. Nínú sinimá, aṣọ rẹ̀ nìkan la mọ̀.”

Máàkì kan ṣoṣo ni òun àti bàbá rẹ̀ fi borí.

“Ọmọ yín ló gbà yín o!” ni Délé ń pariwo.

Nínú ọkọ̀, Stephanie mú tíkẹ́ẹ̀tì kan fún bàbá rẹ̀. “Dádì, ẹ jọ̀ọ́. Tá a bá débẹ̀, tí ẹni tó wọṣọ Ẹ̀fúùfù bá kọjá tí kò kí yín, ẹ jẹ́ kó máa lọ.”

Akínwùmí rò ó títí wọ́n fi dé ibi iná pupa.

“Ó dáa,” ni ó wí. “Èmi ni n ó kọ́kọ́ kí i.”