Egbò Ojúgun Ọmọ Mi àti Kòkòrò Tí Kò Sí Nínú Ìwé

"Mọ́mì, tí ẹ bá tún da nǹkan kan sí egbò yìí, ohun tí à ń wá á kú kí a tó rí i." Obìnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò nílé ìwòsàn ní Ìlá níbí ló kìlọ̀ bẹ́ẹ̀ fún mi. Èmi náà sọ ọ́ fún aládùúgbò mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí mo bá a tó ń tú kápúsù sí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n kọ èyí.

Kùkùté ẹ̀gẹ́ ló gún ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, lójúgun. Kápúsù aláwọ̀ pupa àti yẹ́lò ni mò ń tú sí i, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, fún ọjọ́ mọ́kànlá. Egbò ń fẹ̀ sí i, mo bá gbé e lọ sílé ìwòsàn. Obìnrin aláyẹ̀wò náà bi mí bóyá mo ti fi oògùn sí i. Ojú tì mí, mo ní rárá. Ó fi òwú gba ọyún inú rẹ̀, ó lọ gbìn ín kí kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ lè hù. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá, nǹkan kan ò hù.

Ó tún bi mí. Ọmọ mi wò mí lójú: "Mọ́mì, kápúsù ńkọ́?"

Mo jẹ́wọ́. Ìgbà yẹn ló kìlọ̀ fún mi. Ó ní omi iyọ̀ àti aṣọ mímọ́ nìkan, fún ọjọ́ márùn-ún. Ọjọ́ márùn-ún yẹn gùn ju oṣù mẹ́sàn-án tí mo fi lóyún ọmọ náà lọ. Mo ń fi rúlà iléèwé rẹ̀ wọn egbò náà láràárọ̀, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tó gba ọyún náà lẹ́ẹ̀kejì, ó hù. Wọ́n fi oríṣiríṣi oògùn dán kòkòrò náà wò títí wọ́n fi rí abẹ́rẹ́ tó kápá rẹ̀. Kápúsù tèmi kàn mú un fara pamọ́ ni. Wọ́n gún ọmọ mi ní abẹ́rẹ́ náà; láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, egbò jinná.

Ṣùgbọ́n wọn ò mọ kòkòrò náà. Mo ka ìwé àṣẹ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fọwọ́ sí i, wọ́n sì fi kòkòrò náà ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, kí wọ́n fi àbùdá rẹ̀ wé ti àwọn tí ayé ti mọ̀. Ní oṣù keje lẹ́yìn ìyẹn, obìnrin náà pè wá.

"A mọ agboolé kòkòrò tó ti wá," ó ní, "ṣùgbọ́n ẹnì kankan ò tíì rí irú òun fúnra rẹ̀ rí. Tuntun ni."

"Ṣé orúkọ mi lẹ máa sọ ọ́, àǹtí?" ọmọ mi bi í.

"A kì í fi orúkọ aláìsàn sọ kòkòrò."

"Ẹ ṣé jàre," mo ní, "kí àna mi ọjọ́ iwájú má baà gbọ́ ọ."

Wọ́n da ìwọ̀n tí mo kọ láràárọ̀ kọ sínú àkọsílẹ̀ wọn, èmi tí mo ka ìwé mẹ́wàá péré. Mi ò fi sọ́kìsì gígùn bo àpá ọmọ mi mọ́, bí mo ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ nítorí ìtìjú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ọyún egbò nílé ìwòsàn kí ẹ tó da oògùn sí i. Bí ẹ bá sì ti dà á, ẹ sọ fún wọn.