Fìlà Orest

Ọgbọ̀n ọdún ni Wilma Hrycak fi wa bọ́ọ̀sì iléèwé nílùú Flin Flon, ọgbọ̀n ọdún náà ló sì fi ń gbá họ́kì orí yìnyín nínú géèmù orí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ gbàgbé sílé. Kò jẹ góòlù mẹ́ta rí nínú eré kan ṣoṣo.

Lọ́sàn-án Sátidé yìí, ó fẹnu fẹ́ eruku kúrò lára kásẹ́ẹ̀tì, ó kì í bọnú ẹ̀rọ, ó sì dojú kọ Orest, àbúrò rẹ̀. Kí omi tíì tí wọ́n gbé kaná tó hó, ó ti jẹ méjì. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta gba abẹ́ ẹsẹ̀ aṣọ́lé Orest kọjá, ó dinú àwọ̀n!

Wilma fò sókè bí ọmọ ọdún méje. "Mẹ́ta rèé o! Orest, fìlà dà?"

Ta ni kò mọ̀ ní Flin Flon pé bí ẹnì kan bá jẹ mẹ́ta nínú họ́kì, ṣe ni òǹwòran ń ṣí fìlà sọ sórí yìnyín? Ṣùgbọ́n látìgbà tí irun ti sá kúrò lórí Orest, ìyàwó rẹ̀ pàápàá kò rí i láìdé fìlà rí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣàánú mi. Inú tẹlifíṣọ̀n ni yìnyín yẹn wà."

"Ta ló bi ọ́? Sọ ọ́ síbẹ̀!"

Orest kùn títí, ó ṣí fìlà, ó sọ ọ́ lu tẹlifíṣọ̀n. Orí rẹ̀ ń dán gbinrin.

Wilma lanu sílẹ̀. "Àṣé yìnyín tuntun wà nílé látọjọ́ yìí! Sún mọ́bí, jẹ́ ká gbá eré kejì lórí ẹ̀."