Korobá Tí Ó Ń Dá Lọ

Ẹ jẹ́ kí n kí "wi" kú iṣẹ́. Nínú gbogbo ohun tí àwọn Faransé fi sílẹ̀ fún wa nígbà tí a gba òmìnira, òun nìkan ni kò bàjẹ́. Títì já, ọkọ̀ ojú irin ń pẹ́, àsíá tuntun ṣá nínú oòrùn Parakou, ṣùgbọ́n "wi" ń dán gbinrin. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, "bẹ́ẹ̀ ni" lásán, kò wúwo lẹ́nu. Aláṣọ ní ọjà Arzèkè a sọ ọ́ fún ọlọ́pàá, ọ̀gá ìjọba a sọ ọ́ fún òyìnbó, oníkálukú a sì rìn lọ bí ẹni tí wọ́n fún ní oyè. Kò sẹ́ni tí í bi wọ́n pé kí ni wọ́n gbọ́. Lédè tiwa, ẹni tó bá wí ti sọ nǹkan. "Wi" tiwọn yìí ni ènìyàn ń wí tí kò wí nǹkan kan.

Lọ́dún kan tí mo wá lo ìsinmi láti yunifásítì ní Dàkáà, mo gba iṣẹ́ ògbufọ̀ ní ọgbà kan nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin. Kọnkéré ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá ńláńlá níbẹ̀, èyí tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ títì. Ohun tí mo kọ́ ní Dàkáà ni ewì àwọn ará Róòmù àtijọ́. Mo ń wọ táì nínú eruku sìmẹ́ńtì.

Àwọn aláàárù ló ń fi orí gbé kọnkéré nínú abọ́ irin, láti ibi ẹ̀rọ tó ń pò ó dé ibi tí wọ́n ti ń dà á. Omi sìmẹ́ńtì á máa ṣàn sí wọn lọ́rùn títí awọ ibẹ̀ á fi bó. Kí wọ́n tó gbé abọ́ ru aláàárù, á kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún nu etí abọ́ náà, kí kọnkéré má baà kán sí i lójú. Gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìronú. Olórí wọn jẹ́ bàbá kan láti Ṣábẹ̀ tó ń gbé ní àdúgbò Banikanni pẹ̀lú aya àti ọmọ.

Lọ́jọ́ kan, òyìnbó ẹnjiníà kó ẹ̀rọ tuntun dé: korobá irin kan tó tóbi bí àkéte, tó rọ̀ mọ́ irin gbọọrọ lórí òpó. Yóò gba kọnkéré, yóò sáré lọ, yóò dà á, yóò padà. Wọ́n máa dá àwọn aláàárù dúró. Ẹnì kan péré ni wọ́n máa fi sílẹ̀, tí yóò máa ṣí ẹnu ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré fún korobá.

Bàbá Ṣábẹ̀ bá mi lábẹ́ igi máńgòrò.

"Akọ̀wé, bá mi bẹ òyìnbó rẹ. Ọrùn yìí ò lè ru iṣu dé ọjà mọ́, áḿbọ̀sì kí n padà sóko. Bí n bá pàdánù ibí, ó tán."

"Ẹni tó gbọ́ Faransé ni wọ́n ń fẹ́, bàbá."

"Mo gbọ́ ọ."

"Èwo lẹ gbọ́ níbẹ̀?"

"Wi."

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó rí iṣẹ́ náà gbà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi ẹ̀rọ hàn wá, òyìnbó sọ̀rọ̀ wàràwàrà. Bí korobá bá ti kún dé ìwọ̀n kan, ìwúwo rẹ̀ ni yóò tan ẹ̀rọ rẹ̀. Yóò gbéra láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo fi gbólóhùn kan ṣoṣo túmọ̀ gbogbo rẹ̀:

"Ó ń dá lọ."

"Ó ń dá lọ?" ni aláàárù kan wí. "Ṣé kò láya ni?"

"Ta ló máa fẹ́ ẹni tí òkúta kún inú rẹ̀?"

Ẹ̀rín ta. Bàbá Ṣábẹ̀ bá wọn wí: "Ẹ dákẹ́ jàre, ẹ̀yin púrúǹtù! Òyìnbó ní kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ lé e. Kò fẹ́ alábàárìn."

Ó yẹ kí n sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé korobá kò ní dúró de ẹni tí yóò rán an níṣẹ́. Ṣùgbọ́n táì mi ti wọ́, mo ń tún un ṣe. Òyìnbó béèrè bóyá ó yé wọn. "Wi!" ni gbogbo wọn hó.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, òyìnbó fúnra rẹ̀ ló ń tan ẹ̀rọ náà. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó fi í sílẹ̀ kó máa ṣe bí wọ́n ṣe ṣe é. Lówùúrọ̀ ọjọ́ yẹn, korobá kún, kọnkéré dúró létí rẹ̀, bàbá sì na àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, ó nù ún. Kò sẹ́ni tó rán korobá. Ó gbéra. Ó wọ́ ọwọ́ bàbá dé ara òpó, ó sì lọ̀ ọ́ mọ́ irin. Ẹnu ẹ̀rọ ṣì wà ní ṣíṣí, nítorí ẹni tí yóò tì í ló ń ké lára òpó. Kọnkéré ń dà sílẹ̀ lásán.

Ilé ìwòsàn gé ọwọ́ náà ní ọrùn-ọwọ́. Nígbà tí èmi àti òyìnbó ń lọ kí i, ó sọ fún mi pé bí wọn kò bá kìlọ̀ fún ọkùnrin náà, ọgbà yóò fi í ṣe ọlọ́dẹ ẹnu géètì. Bí wọ́n bá kìlọ̀ fún un tí kò gbọ́, kó máa lọ sílé. Kì í ṣe òǹrorò; ọsàn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá fa aṣọ bo apá rẹ̀ nígbà tó rí wa. "Akọ̀wé, bá mi sọ fún un. Ọwọ́ kan tó ṣí géètì."

N kò tíì lanu tí òyìnbó fi tẹ̀ síwájú tó bi í ní Faransé pé ṣé wọ́n ti sọ fún un pé korobá náà ń gbéra fúnra rẹ̀. Bàbá rò pé iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ fún òun. Ojú rẹ̀ tàn.

"Wi," ló wí. "Wi, wi."

Òyìnbó mí kanlẹ̀. Ó yíjú sí mi, ó béèrè bóyá òótọ́ ni mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ọkùnrin yìí dáadáa. Bàbá ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Èmi náà sọ pé wi.