Bí Mo Ṣe Gbé Fọ́ọ̀mù Panápaná Lọ sí Àjàṣẹ́

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ọjọ́ Ẹtì ni mo jáde nílé mi ní Ìkòsí. Mo ti di báàgì mi, mo tú u, mo tún un dì, bí ẹni pé ìwé tó wà nínú rẹ̀ lè sá lọ. Télọ̀ ni mí. Ẹ̀wù iṣẹ́ àwọn panápaná àdúgbò wa ni mò ń rán tí mo fi di ọ̀kan lára wọn, tí wọ́n sì wá sọ mí di akọ̀wé. Ìlú Àjàṣẹ́, lẹ́yìn bọ́dà Sẹ̀mẹ̀, ni mò ń lọ. Àjọ kan wà níbẹ̀ tó ń fún àwọn ẹgbẹ́ panápaná tó múlé ti ara wọn lówó ìrànwọ́, kí àwọn olórí wọn lè jọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí iṣẹ́ níbi iná. Ẹ̀bùn ni, kì í ṣe ẹ̀yáwó. Ṣùgbọ́n wọn kì í gba fọ́ọ̀mù lórí fóònù. Ìwé gan-an ni wọ́n fẹ́, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ mẹ́ta, kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn tó lù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ara mi kò fi balẹ̀. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, iná jó ṣọ́ọ̀bù Fàtáì káfíńtà ládùúgbò wa. Ẹgbẹ́ mẹ́ta ló sáré dé: tiwa láti Ìkòsí, ti àwọn oníṣòwò irin láti Owódé Onírin, àti ti ẹ́sítéètì kan ní Magodo. Omi wà, pọ́ńpù wà, ènìyàn wà. Bàbá Ìkòsí, olórí tiwa, ló dàgbà jù. Alhaji tó jẹ́ olórí àwọn onírin ló ni pọ́ńpù tó lágbára jù. Ẹnjiníà, olórí ti Magodo, ló kàwé jù.

"Alhaji, ẹ̀yin lẹ máa sọ ibi tá a ti máa bẹ̀rẹ̀."

"Háà, Bàbá, mi ò jẹ́ gba iwájú yín. Ẹnjiníà, ẹ bá wa wò ó."

"Níbi tẹ́yin àgbà wà? Rárá o, sà."

Èmi ni mo di ẹnu họ́ọ̀sì mú, mò ń dúró kí ẹnì kan pàṣẹ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n àgbà mẹ́ta wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, orí ọmọ sì wọ́. Kí wọ́n tó bọ̀wọ̀ fúnra wọn tán, Fàtáì ti kó wọnú iná lọ láti yọ ẹ̀rọ tó fi ń la pákó. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ká dáadáa títí di òní. Ojú máa ń tì mí tí mo bá rí i. Ọyẹ́ mìíràn sì ti ń bọ̀.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá dé Kétu, mo wọ bọ́ọ̀sì dé Máìlì Tú, mo wá san ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà fún mọ́tò tó ń lọ sí Sẹ̀mẹ̀. Ọkùnrin Ẹ̀gùn kan tó ń jẹ́ Sẹ̀wánú ló wà á. Ọ̀nà náà dán níbì kan, ó sì kún fún kòtò níbòmíràn. Nígbà tá a kọjá Àgbádárìgì, okùn àwọn aláṣọ ìjọba tó wà lójú títì pọ̀ débi pé mi ò kà á mọ́. Níbi okùn kọ̀ọ̀kan ni mo ti ń wo aago.

"Aunty, ẹ jọ̀ọ́, aago yín á bàjẹ́," Sẹ̀wánú wí.

"Ẹ sáà máa wakọ̀ yín."

"Mo ń wà á o. Àbí kẹ́ ẹ jẹ́ n fò ó lórí okùn ni?"

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n lu òǹtẹ̀ sí páásípọ́ọ̀tù mi ní bọ́dà, mo ṣẹ́ náírà mi sí sẹfà tí wọ́n ń ná níbẹ̀, mo sì gun ọ̀kadà dé ibi tí takisí wà. Sẹmijáàn ni wọ́n ń pe ọlọ́kadà níbẹ̀. Wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni "tètè gbé mi". Orúkọ yẹn tẹ́ mi lọ́rùn gan-an. Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni epo bẹntiróòlù tí wọ́n rọ sínú àwọn igo ràgàjì, tí wọ́n tò sórí tábìlì lẹ́bàá títì, nínú oòrùn. Kpayó ni wọ́n ń pè é, ìyẹn èyí tí kì í ṣe ojúlówó. Kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí i tí obìnrin kan ti ń dín àkàrà. Ní ọ̀dọ̀ wa, inú kẹ́ẹ̀gì là ń fi epo pamọ́ sí, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tiwọn wà ní gbangba. Mi ò mọ èyí tó burú jù. Mo sọ fún onísẹmijáàn pé kó sáré sí i.

Nínú takisí, èrò méjì la jókòó síwájú, mẹ́rin sì wà lẹ́yìn. A yà sí ọ̀nà Àjàṣẹ́, a gba orí afárá ọ̀sà kọjá, mo sì dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ní aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nígbà tí ọlọ́dẹ sọ pé wọ́n ti lọ sinmi ọ̀sán, ó di aago mẹ́ta.

"Aago mẹ́ta kẹ̀? Oúnjẹ wo ni wọ́n ń jẹ fún wákàtí méjì?"

"Wọ́n jẹun, wọ́n tún sùn, mà."

Nílé wa, orí fáìlì ni òṣìṣẹ́ ti ń jẹ ìrẹsì rẹ̀, tí á máa fi ọwọ́ kejì dá èèyàn lóhùn. Mo lọ jókòó sọ́dọ̀ olóúnjẹ kan lódìkejì. Akásà ló gbé fún mi: ẹ̀kọ náà ni, ṣùgbọ́n tiwọn kan díẹ̀, pẹ̀lú ẹja díndín àti ata tútù lílọ. Ẹgbẹ̀ta sẹfà ni. Ó dùn, àmọ́ aago ni mò ń wò.

Bàbá Ìkòsí ló fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹnu àpò ìwé náà, tó ní n kò gbọdọ̀ tú u. Ìdúró sú mi, mo tú u. Àmì ọwọ́ mẹ́ta wà níbẹ̀, òǹtẹ̀ mẹ́ta wà níbẹ̀. Ìlà kan ṣófo: orúkọ ẹni tí yóò ṣe olórí ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Wọ́n tún ti ṣe é!" Mo pariwo débi pé ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ olóúnjẹ.

Mo pe Bàbá. "Kò bójú mu kéèyàn kọ orúkọ ara ẹ̀," ó wí. "Mo fi í sílẹ̀ fún Alhaji ni."

Mo pe Alhaji. "Kí n kọ orúkọ mi níwájú Bàbá? Àúsù! Kọ Ẹnjiníà."

Mo pe Ẹnjiníà. "Bọ́lá, please, I can't. Àwọn àgbà wà níbẹ̀. Bá Bàbá sọ̀rọ̀." Káàdì fóònù mi tán síbẹ̀.

Aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú ni Màdámù Sidíkátù, tó ń gba fọ́ọ̀mù, wọlé. Ọmọ Yorùbá Àjàṣẹ́ ni, àgbà obìnrin. Ó yẹ ìwé náà wò, ó fi ìka sí ìlà òfo yẹn. "Ta ni ṣẹ́ẹ̀fù yín?" Ṣẹ́ẹ̀fù ni wọ́n ń pe ọ̀gá.

Mo sọ òtítọ́ fún un. Ó mi orí. "Mi ò lè gba ìwé tí kò ní ṣẹ́ẹ̀fù. Tó bá di aago márùn-ún, a ti tilẹ̀kùn."

Inú bí mi sí àwọn bàbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn náà inú wá bí mi sí ara mi, torí lọ́jọ́ iná yẹn, kò sẹ́ni tó di èmi náà lẹ́nu. Mo gba báírò, mo kọ orúkọ mi.

"Ìwọ? Ṣé wọ́n yàn ẹ́?"

"Wọn ò yàn mí, mà. Wọn ò sì yan ẹlòmíì. Mo máa sọ fún wọn lójú ara wọn lọ́la."

Ó wò mí títí, ó sì lu òǹtẹ̀. "Pè mí lọ́la kó tó di aago mẹ́rin. Bí wọ́n bá gbà ọ́, ó parí. Bí n ò bá gbọ́ ohùn ẹ, mo máa yọ fọ́ọ̀mù yín."

Mo sun Àgbádárìgì mọ́jú, bí wọ́n bá ń pe èyí tí mo sùn ní oorun. Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo wọ Ìkòsí. Àwọn olórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń dúró dè mí ní ọgbà ẹgbẹ́ wa. Àga rọ́bà mẹ́ta wà níwájú wọn, gbogbo wọn wà lórí ìdúró, oníkálukú ń ní kí ẹnì kejì kọ́kọ́ jókòó. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo sọ ohun tí mo ṣe.

"Your own name?" Ẹnjiníà figbe ta. "Láì sọ fún wa?"

"Mo pè yín, sà. Ẹ ní kí n bá Bàbá sọ̀rọ̀. Bàbá sì ti ní Alhaji. Alhaji náà ti ní ẹ̀yin."

Wọn ò tíì mọ̀ pé gbogbo wọn ni mo pè. Alhaji ń wo ilẹ̀.

"Ọmọ tí mo lè bí," Bàbá wí, "ló máa pàṣẹ fún mi níbi iná?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹlòmíì, ẹ kọ ọ́ síbí, mo máa pe Màdámù báyìí." Mo na báírò sí Bàbá, mo nà án sí Alhaji, mo nà án sí Ẹnjiníà. Kò sẹ́ni tó gbà á.

Bàbá mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Pe obìnrin náà, sọ pé a gbà. Ọjọ́ wo la máa bẹ̀rẹ̀? Àbí ká dúró de owó?"

"Ọjọ́ tó bá wù yín, sà" ti dé ètè mi. Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi ni pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, bó ti wù kó dùn létí àgbà tó, ó lè jẹ́ kí ilé jó. Mo gbé e mì.

"Ọjọ́ Ajé, sà, aago mẹ́fà àárọ̀. Ẹ má pẹ́ o. Ẹ jókòó báyìí, kí n sọ ohun tí kálukú máa gbé wá."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó.